Tuvalu kò ní ẹgbẹ́ òṣèlú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjọba ẹnìkan

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́. Bí a bá ti ní Tuvalu, orílẹ̀-èdè kékeré kan nínú òkun Pàsífíìkì, kò ní ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, ẹnìkan á sọ pé, "Ìjọba apàṣẹwàá ni wọ́n ń ṣe nìyẹn." Mo mọ ibi tí èrò náà ti wá. Ní Nàìjíríà, ìwé òfin 1999 kò gbà kí ẹnikẹ́ni du ipò bí kò bá sí ẹgbẹ́ tó fà á kalẹ̀, torí náà ẹgbẹ́ àti ìbò ti di ohun kan náà lójú wa.

Erékùṣù mẹ́sàn-án ni Tuvalu, àwọn ará ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 11,000 lọ. Wọ́n ń dìbò láti ìgbà tí wọ́n ti gba òmìnira ní 1978, èyí kò gba àríyànjiyàn. Òfin wọn kò ka ẹgbẹ́ léèwọ̀. Wọn kò dá a sílẹ̀ náà ni. Agbègbè ìdìbò mẹ́jọ ló ń yan aṣòfin méjì-méjì, àwọn mẹ́rìndínlógún yìí á sì yan olóòtú ìjọba láàárín ara wọn.

Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń fi dí mi lẹ́nu ni pé, "Bí kò bá sí ẹgbẹ́, ta ni alátakò?" Ẹ wo ọdún 2013. Aṣòfin 15 ni wọ́n nígbà yẹn. Mínísítà ètò ìnáwó ti kú ní ìparí 2012, àyè rẹ̀ sì ṣófo ní agbègbè ìdìbò Nukufetau. Olóòtú ìjọba Willy Telavi kò pe ìbò láti dí i, àfìgbà tí ilé ẹjọ́ dá sí i. Alátakò ló wọlé. Lójú ẹsẹ̀ ló di mẹ́jọ sí méje. Kò sí káàdì ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́jọ náà, síbẹ̀ gbogbo ìlú mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ta ni. Telavi kò fẹ́ kí ilé aṣòfin jókòó. Gómìnà Àgbà Iakoba Italeli, aṣojú Ọbabìnrin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yọ ọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, Enele Sopoaga sì gbàjọba láàárín ọjọ́ mélòó kan. Èwo ni ti apàṣẹwàá níbẹ̀?

N kò sọ pé ètò yìí dára ju tiwa lọ. Ẹni tó ń dìbò ní Nanumea kò lè mọ ẹni tí yóò di olóòtú ìjọba. Bí aṣòfin díẹ̀ bá yí padà, ìjọba lè wó, bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí Faimalaga Luka ní 2001 àti Saufatu Sopoanga ní 2004. Bóyá ẹgbẹ́ ì bá mú un dúró. Ṣùgbọ́n Vanuatu ní ẹgbẹ́ rẹpẹtẹ, ìjọba wọn ò sì yéé wó.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n to àwọn orílẹ̀-èdè tí kò ní ẹgbẹ́ jọ sójú kan, ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Ìjọba ló ka ẹgbẹ́ léèwọ̀ ní Saudi Arabia, kò sì sí ìbò tó lè mú ọba kúrò. Ní Tuvalu, Kausea Natano ni olóòtú ìjọba nígbà tí wọ́n dìbò ní oṣù kìíní 2024. Àwọn ará Funafuti kò dá a padà sílé aṣòfin.