Ẹ Gbé Perspex Kúrò Lórí Èédú

Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, èèyàn mẹ́ta ló gbé àwòrán èédú wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n bá wọn tún un ṣe. Ọ̀kan ti fi áńkáṣíìfù nu tirẹ̀. Ìkejì fọ́n spray irun sí i, wọ́n ní kò ní jẹ́ kó parẹ́. Ojú fèrèsé inú àwòrán náà tó yẹ kí ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹlòmíì á ní àwòrán dúdú ń pe òkùnkùn wọlé, á kọjú rẹ̀ sí ògiri. Ìyẹn sàn ju spray lọ.

Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gbé férémù kọ́. Ẹni tó ní ìṣó àti òòlù mọ̀ ọ́n.

Èédú kì í wọnú bébà bí íǹkì. Orí rẹ̀ ló bà lé, bí èlùbọ́ lórí tábìlì. Àwòrán inú ilé ló sì le jù, torí kọ̀rọ̀ iyàrá àti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn máa ń gba èédú lórí èédú. Ẹ wo Robert Longo, ará Amẹ́ríkà tó fi èédú ya ilé Sigmund Freud, gbajúmọ̀ oníṣègùn ọpọlọ, ní Vienna, láti ara fọ́tò tí Edmund Engelman yà níbẹ̀ lọ́dún 1938 kí Freud tó sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ wá gbé Perspex, ike tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, lé irú nǹkan bẹ́ẹ̀! Ṣé ẹ rántí ìyarun oníke tí a máa ń fi ra orí nílé ìwé, tó ń fa bébà wẹ́wẹ́ mọ́ra? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Tí ẹ bá fi aṣọ gbígbẹ nu Perspex, àgàgà lásìkò ọyẹ́, á máa fa èédú. Gíláàsì ni kí ẹ lò, kí páálí tó nípọn jẹ́ kó jìnnà sí bébà. Oníférémù fọ́tò ìgbéyàwó á ní kò sí ìyàtọ̀. Ọdún 19 ni mo ti lò nídìí iṣẹ́ yìí. Ìyàtọ̀ wà.

Ẹnì kẹta yẹn, màmá kan láti Ìsàlẹ̀ Èkó ni. Ilojo Bar ló wà nínú àwòrán wọn, ilé àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé, tí wọ́n kọ́ ní Tinúbú lọ́dún 1855, tí ìjọba sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, tí wọ́n sì wó palẹ̀ ní 2016. Àràárọ̀ ni ọmọ ọ̀dọ̀ wọn ń nu Perspex rẹ̀. Mo tú férémù. Àwọn ilẹ̀kùn tó tẹ̀ lórí bí òṣùmàrè, òjìji abẹ́ wọn, ara ike ni gbogbo rẹ̀ lọ. Ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló kù lórí bébà.

“Ọmọ mi, bá mi dà á padà.”

“Màmá, kò ṣeé dà padà.”

“Ṣé ẹni tó yà á ò lè padà lọ jókòó síwájú ilé náà ni?”

Mo wojú wọn. Àwọn náà rántí.

Perspex yẹn gan-an ni mo tún férémù fún wọn, mo fi bébà funfun sẹ́yìn rẹ̀, páálí láàárín. Mi ò gba owó. Mo kàn ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ má ṣe nù ún mọ́.