Ẹnu báàdì ló ń pidán, kì í ṣe ìlù rẹ̀

Nínú eré orí tábìlì tí àwọn ènìyàn jọ ń fẹnu sọ ìtàn rẹ̀, tí wọ́n ń ju dáìsì láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ìyẹn Dungeons & Dragons, báàdì ni akọrin arìnrìn-àjò tó mọ ìtàn, tó mọ orin, tó sì ń pidán. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá pagbo sídìí tábìlì ní Kábà lálẹ́ Sátidé, tí ọ̀kan nínú wọn mú báàdì, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé, “Bí wọ́n bá gba ìlù mi ńkọ́?” Ìbéèrè náà dára, àmọ́ èrò tó bí i kò tọ̀nà. Ó rò pé inú ìlù ni agbára wà.

Lójú ìwé òfin ọdún 2014, èyí tí mo ń tẹ̀ lé níbí, idán kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń béèrè: ọ̀rọ̀ ẹnu, àmì tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe, tàbí èròjà. Idán Sleep, tó ń kun ẹ̀dá lóorun, ń béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èròjà rẹ̀ ni ìwọ̀nba yanrìn kíkúnná, tàbí òdòdó róòsì, tàbí ìrẹ̀ kan. Ibi èròjà yìí nìkan ni ohun èlò orin ti wọlé. Báàdì tó bá gbé gòjé dání kò ní máa wá ìrẹ̀ kiri inú koríko, nítorí gòjé ti dúró fún ìrẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí èròjà bá wá jẹ́ ohun olówó ńlá, tàbí ohun tí idán máa jẹ run, gòjé ò lè dúró fún un. Àfi kí báàdì wá owó rẹ̀.

Ẹ wá wo Healing Word, ọ̀rọ̀ tó ń woni sàn. Ẹnu nìkan ló ń béèrè. Kí wọ́n di báàdì lọ́wọ́ sẹ́yìn, kí wọ́n sọ ìlù rẹ̀ sínú iná, bí ẹnu rẹ̀ bá ṣì là, tó sì ń rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dákú ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 60 sí i, ó lè sọ̀rọ̀ kan kí onítọ̀hún lajú, kó sì dìde.

Kí ló wá wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn? Ìwé òfin dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ ló sì dùn jù nínú gbogbo ètò yìí. Ó ní ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ kọ́ ni orísun agbára. Bí ìró ṣe tò tẹ̀lé ara wọn, bí ohùn ṣe gòkè tàbí bó ṣe rẹlẹ̀, bó ṣe ń dún, ìyẹn ló ń fa okùn idán. Ẹlòmíràn lè nílò kí wọ́n ṣàlàyé èyí fún òun. Ẹni tó ń sọ Yorùbá kò nílò rẹ̀. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ pe igbá, tó wá pe igbà tàbí ìgbà, kò tíì pe igbá. Ọmọ Ìyàgbà àti ọmọ Owé tó jókòó sídìí tábìlì kan náà mọ̀ ọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ojoojúmọ́ ni etí wọn ń mú ibi tí ohùn ẹnì kejì ti yà kúrò lára tiwọn.

Òun ló fà á tí Vicious Mockery, yẹ̀yẹ́ báàdì tó ń gúnni lọ́kàn, fi ń ṣiṣẹ́ lára ẹ̀dá tí kò gbọ́ èdè. Kó ṣáà ti gbọ́ ohùn. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá lè kọ̀ ọ́, yóò fara gba ọgbẹ́ díẹ̀, dáìsì olójú 4 ló máa sọ bó ṣe pọ̀ tó. Nígbà tó bá tún fẹ́ kọlu ènìyàn, yóò ju dáìsì olójú 20 lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó kéré ni wọ́n máa kà fún un.

Charisma, ìyẹn bí ènìyàn ṣe ń wọ àwọn ẹlòmíràn lára, ni wọ́n fi ń díwọ̀n agbára náà. Wọ́n á mú 8, wọ́n á fi òye iṣẹ́ kún un, wọ́n á fi èrè Charisma lé e. Fún báàdì tuntun tí Charisma rẹ̀ jẹ́ 16, òye iṣẹ́ jẹ́ 2, èrè Charisma jẹ́ 3, ó di 8, 2 àti 3: ọ̀tá tó ju dáìsì gbọ́dọ̀ ní 13 kó tó bọ́. Ní ti iye ìgbà tí báàdì lè pidán lóòjọ́, ẹ fojú wo apẹ̀rẹ̀ ńlá àti kékeré, kí idán jẹ́ ẹrù inú wọn: ẹrù kékeré wọ apẹ̀rẹ̀ ńlá, ti ńlá kò wọ kékeré, tí gbogbo apẹ̀rẹ̀ bá sì ti lò tán, àfi kó sùn.

Ohun kan wà tí báàdì ń ṣe tí kò gba apẹ̀rẹ̀ kankan. Bardic Inspiration ni wọ́n ń pè é, àwa sì ti ní orúkọ fún un: oríkì. Báàdì á sọ̀rọ̀ sí ẹnì kan tó ń gbọ́ ọ, ẹni náà á gba dáìsì olójú 6, yóò sì fi pa mọ́ fún ìṣẹ́jú 10. Ká ní jagunjagun fẹ́ fo kòtò. Ó ju dáìsì olójú 20 sínú abọ́ tánganran. Ó dún ganran, ó yí, ó dúró sí 9. Olùdarí eré, ẹni tó ń sọ bóyá nǹkan yọrí tàbí kò yọrí, kò tíì sọ̀rọ̀. Àsìkò yìí gan-an ni òfin gbà á láyè láti mú dáìsì olójú 6 yẹn kún un. Ó jù ú, 5 jáde, ó di 14, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì balẹ̀ sí òdìkejì.

Bí oríkì ṣe ń ṣe ọdẹ nìyẹn. Ìyá rẹ̀ lè kì í ní ẹnu ọ̀nà ilé, kó máa rẹ́rìn-ín lásán. Ìgbà tí ẹranko bá yíjú sí i nínú igbó ni ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ máa ta á létí, orí rẹ̀ á wú, ọwọ́ tó fẹ́ gbọ̀n á dúró. Agbára náà ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ń dúró de àsìkò. Báàdì ò sì lè fún ara rẹ̀ ní dáìsì yìí. Ẹlòmíràn nìkan ló lè fún, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n àwọn tó ṣe òfin yìí ti hàn jù.

Ibì kan ni wọn ò ti ro ó dé òpin. Bí wọ́n bá fi aṣọ di báàdì lẹ́nu, tàbí tí idán Silence bá mú gbogbo ìró kúrò láyìíká rẹ̀, idán tó ń béèrè ẹnu ti pin. Ti Silence yé ni, nítorí kò sí ìró rárá. Ṣùgbọ́n báàdì tí wọ́n di lẹ́nu, tí dùndún ṣì wà lábẹ́ apá rẹ̀ ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ń fa okùn idán, dùndún mọ ìyẹn sọ. Òfin ní rárá, ẹnu ni ẹnu. Olùdarí eré ló ni ìpinnu ìkẹyìn nídìí tábìlì, bó bá sì ti gbọ́ dùndún rí níbi tó ti ń pe ènìyàn lórúkọ, kó jẹ́ kí ọmọ náà lù ú.