Kí ni Open Space? Ìpàdé tó jẹ́ pé àwọn tó wá ló ń kọ ètò rẹ̀

Bí ẹ bá ti bá àwọn olùṣèwádìí jókòó níbi àpérò rí, ẹ ó mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n á to àga bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan á dúró níwájú, á ka pépà rẹ̀, ìyẹn ìwé tó kọ lórí ìwádìí rẹ̀, fún ogún ìṣẹ́jú, wọ́n á bi í ní ìbéèrè méjì, wọ́n á pàtẹ́wọ́, ẹlòmíràn á bọ́ síwájú. Ìgbà tí wọ́n bá jáde lọ mu tíì ni ọ̀rọ̀ gan-an tó ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí ẹni méjì tí iṣẹ́ wọn jọra, tí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, tí ọ̀kan ń fi ìka ya nǹkan sí àtẹ́lẹwọ́ kí èkejì lè rí ohun tó ń wí.

Harrison Owen, ará Amẹ́ríkà kan, kíyè sí èyí ní 1983. Odindi ọdún kan ló fi ṣètò àpérò fún èèyàn 250. Nígbà tí wọ́n parí, òun àtàwọn tó wá fẹnu kò pé àkókò kọfí ló dùn jù, bẹ́ẹ̀ àkókò kọfí nìkan ni kò ṣètò. Ló bá rántí Balamah, abúlé kan ní Làìbéríà, níbi tó ti wo ayẹyẹ tí wọ́n fi ń sọ àwọn ọmọkùnrin di géńdé. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é. Kò rí ìgbìmọ̀ kankan, síbẹ̀ gbogbo nǹkan ń lọ létòlétò, agbo ni wọ́n sì ń ṣe ní gbàgede àárín abúlé. Ní 1985, ó pe ìpàdé mìíràn ní ìlànà agbo yẹn. Òun ló di Open Space. Èmi máa ń pè é ní ìpàdé gbàgede. Ó dùn mọ́ mi pé Owen fúnra rẹ̀ sọ ọ́ síta pé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lòun ti rí i.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Àga á wà ní agbo, bébà àti máákà nìkan ló máa wà nílẹ̀ láàárín. Lára ògiri kan, wọ́n á ti fa ìlà fún àkókò àti yàrá, àmọ́ wọn ò ní kọ nǹkan kan sínú rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kan ń jẹ lọ́kàn á dìde, á rìn dé àárín agbo, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú bébà, á kọ ọ̀rọ̀ náà àti orúkọ ara rẹ̀, á kà á sókè, á wá lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ máa ń gùn gan-an, olúkúlùkù á máa wo bàtà rẹ̀. Kí ẹnì kan ṣáà ti dìde ná. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi máa tò sẹ́yìn ara wọn, ògiri á sì kún.

Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òfin ẹsẹ̀ méjì: bí o kò bá rí nǹkan kọ́ níbi tó o wà, tí o kò sì ní nǹkan tó o fẹ́ fi kún un, gbé ẹsẹ̀ rẹ, lọ síbòmíràn. Lọ́dọ̀ wa, ta ni yóò dìde lójú àgbà tó ń sọ̀rọ̀? Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ẹnu ọ̀jọ̀gbọ́n tó dàgbà jù níbẹ̀ ló yẹ kí òfin yìí ti jáde láàárọ̀, kí ọkàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè balẹ̀.

Ìpàdé gbàgede bá àwọn tó ń ṣèwádìí sọ́fítíwià àjùmọ̀lò mu gan-an, ìyẹn sọ́fítíwià tí ẹnì kan ò lè dá lò kó nítumọ̀. Ẹ wo wiki. Ward Cunningham gbé ti àkọ́kọ́ jáde ní 1995: ojú-ewé tí ẹni tó ń kà á lè tún kọ lójú ẹsẹ̀. Wikipedia tẹ̀lé e ní 2001. Ní Oṣù Kẹwàá 2005, àwọn tó ń ṣèwádìí wiki pé jọ sí San Diego ní Amẹ́ríkà fún WikiSym àkọ́kọ́, ìpàdé tí Open Space padà wá rí àyè nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pépà kíkà. Bí ojú-ewé wiki ṣe ń dúró de ẹni tó máa kọ̀wé sí i, bẹ́ẹ̀ ni ògiri yẹn ń dúró.

Ẹ má torí èyí da pépà nù o. Ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í fọwọ́ sí owó ìrìnàjò ẹni tí kò ní pépà tí àwọn akẹgbẹ́ ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì gbà wọlé. Ẹ fi àárọ̀ fún pépà, kí ọ̀sán jẹ́ ti agbo.

Àwọn kan sì rò pé ìpàdé tí kò ní ètò kò ní iṣẹ́ nínú. Iṣẹ́ wà níbẹ̀! Ìwé ìpè gbọ́dọ̀ sọ ìbéèrè kan pàtó tó ń jó èèyàn lára, torí àkòrí tó gbòòrò jù kì í mú ẹnikẹ́ni dìde. Yàrá kéékèèké gbọ́dọ̀ súnmọ́ ara wọn kí ẹsẹ̀ méjì tó wúlò. Èyí tí wọ́n sì máa ń gbàgbé jù ni àkọsílẹ̀. Ẹni tó lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ògiri ni kó kọ ohun tí wọ́n sọ sójú-ewé wiki ìpàdé náà kó tó lọ sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ẹni tí kò rí owó ọkọ̀ lè kà á, kó sì fi tirẹ̀ kún un.