Ìgò Ẹni Mẹ́wàá: Bí Abẹ́rẹ́ Kòrónà Ṣe Rìn Dé Apá Ará Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹni tó lọ gba abẹ́rẹ́ Kòrónà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 2021 yóò rántí gbólóhùn kan: "Ẹ jókòó ná, a ò tíì pé." Ẹlòmíràn jókòó títí oòrùn fi kan àtàrí, wọ́n wá ní kó máa lọ, kó padà wá lọ́la. Ìyá tó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa ní Ọjà Ọba kó tó wá kò lè ṣàì bínú. Ọ̀pọ̀ gbà pé ọ̀lẹ ló ń ṣe àwọn nọ́ọ̀sì. Ọ̀lẹ kọ́. Ìgò kékeré kan ló wà nídìí rẹ̀, òun ni gbogbo ètò náà, láti Àbújá títí dé Tákié ní Ògbómọ̀ṣọ́, ń yí po.

Ìgò abẹ́rẹ́ AstraZeneca tó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, èyí tí ilé iṣẹ́ Serum Institute ṣe ní Íńdíà, gba mílílítà 5. Ti ẹnì kan jẹ́ mílílítà 0.5. Ẹni mẹ́wàá ni ìgò kan wà fún nìyẹn. Láti ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá ti gún ìdérí rọ́bà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wákàtí 6 péré ló kù fún un, nítorí wọn kò po oògùn apakòkòrò mọ́ ọn. Bí kòkòrò bá bá ojú abẹ́rẹ́ wọlé, kò sí ohun tí yóò pa á níbẹ̀. Bí wákàtí 6 bá pé tí ti ẹni mẹ́ta ṣì kù nínú ìgò, dídànù ni. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì fi máa ń kọ aago tó ṣí i sára ìgò kó tó fa ti ẹni àkọ́kọ́.

Ẹ wá wo wàhálà rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ṣí ìgò fún ẹnì kan ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, tí ẹlòmíràn kò sì yọjú mọ́, ti da ti ẹni mẹ́sàn-án nù, yóò sì dáhùn fún un nígbà tí wọ́n bá ń ka ìgò. Èyí tó kọ̀ láti ṣí i dá ẹnì kan padà sílé, ẹni náà sì lè má wá mọ́ láyé. Lọ́jọ́ tí àwọn tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ pọ̀ ju àwọn tó ń wá a lọ, àdánù ìgò kan sàn ju kí á lé ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá lọ. Ṣùgbọ́n lóṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ìgò náà ṣọ̀wọ́n bí ojú, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dán an wò.

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2021 ni bàálù gbé ẹrù àkọ́kọ́ balẹ̀ sí Àbújá lábẹ́ COVAX, ètò àgbáyé tó pín abẹ́rẹ́ Kòrónà fún àwọn orílẹ̀-èdè: abẹ́rẹ́ 3.94 mílíọ̀nù. Ní ọjọ́ 5 oṣù náà wọ́n gún dókítà kan, Cyprian Ngong, ní Ilé Ìwòsàn Orílẹ̀-èdè, Àbújá. Lọ́jọ́ kejì Ààrẹ Buhari àti igbákejì rẹ̀, Òṣínbàjò, gba tiwọn lójú kámẹ́rà. Láti ilé òtútù àpapọ̀ ní Àbújá, NPHCDA, àjọ tó ń rí sí ìlera alábọ́dé, ń pín in fún ìpínlẹ̀. Ti Ọ̀yọ́ á gúnlẹ̀ sí Ìbàdàn, láti Ìbàdàn sì ni yóò ti bọ́ sọ́wọ́ kánsù. Méjì ni kánsù inú ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́, Àríwá àti Gúúsù. Oríire, Ògo Olúwa àti Súrùlérè wà lẹ́yìn wọn, pẹ̀lú abúlé tó jìnnà sí títì. Ìbàdàn sí Ògbómọ̀ṣọ́ tó 100 kìlómítà tàbí kó lé díẹ̀, ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé kìlómítà kọ́ ni wọ́n fi ń kà á, wákàtí ni.

Oògùn náà gbọ́dọ̀ wà láàárín dígírì 2 sí 8 láti Àbújá títí dé apá ènìyàn. Ooru nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n dídì tún burú. Bí AstraZeneca bá di yìnyín, kò wúlò mọ́, bó tilẹ̀ yọ́ padà tó dà bí èyí tó dára. Ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ tó ń kánjú ti máa ń ṣàṣìṣe: ó fa páàkì yìnyín jáde nínú fírísà, ó kì í bọ inú kúlà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó to ìgò tì í, ó gun ọ̀kadà. Kó tó dé Ìkòyí-Ilé ní Oríire, ìgò tó fara kan yìnyín ti dì. Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é ni pé kí wọ́n to páàkì náà sórí tábìlì, kí wọ́n jẹ́ kó làágùn. Bó bá ṣe díẹ̀, kí wọ́n gbé ọ̀kan sétí, kí wọ́n mì ín. Bí wọ́n bá gbọ́ omi tó ń mì nínú rẹ̀, ó ti tó. Ẹ̀rọ kankan kò sí fún iṣẹ́ yìí, etí ni. Nínú ooru oṣù Kẹta ní Ògbómọ̀ṣọ́ kì í pẹ́ rárá; lásìkò ọyẹ́, sùúrù ni. Páàkì mẹ́rin ló ń wọ kúlà tí wọ́n ń gbé kọ́rùn, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, fóòmù sì wà lórí rẹ̀. Ojú fóòmù náà ni wọ́n ti là, ibẹ̀ ni wọ́n ń ki ìgò tí wọ́n ti ṣí bọ̀, kí wọ́n má baà máa ṣí kúlà ní gbogbo ìgbà.

Ní kánsù, fíríìjì tí wọ́n fi yìnyín yí ògiri rẹ̀ ká ni wọ́n ń lò. Wọ́n ṣe é débi pé iná wákàtí 8 lóòjọ́ lè gbà á dé ọ̀la. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, wákàtí 8 náà kò dájú. Ibi tí wọ́n bá ti rí fíríìjì sólà gbà, ọkàn ń balẹ̀. Ibi tí kò bá sí, epo jẹnẹrétọ̀ ló ń jẹ owó. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ka tẹmómítà kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, títí kan ọjọ́ Àìkú. Ìwé tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 4, 4, 4, 4 láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ajé, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan jókòó kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Ojú ibi ìgbabẹ́rẹ́ gan-an kò le. Ẹnì kan ń kọ orúkọ, ẹnì kan ń béèrè ọ̀rọ̀, ẹnì kan ń gún, ẹnì kan ń wo àwọn tó jókòó. Ìbéèrè tó ṣe kókó kò pọ̀: ṣé ara yín gbóná lónìí? Ṣé abẹ́rẹ́ kan ti mú yín daku tàbí wú lójú rí? Ṣé ẹ ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì? Ẹni tí ibà líle wà lára rẹ̀ á padà wá nígbà tó bá yá. Òkè apá, níbi tí ẹran ti nípọn, ni wọ́n ń gún, abẹ́rẹ́ á sì dúró ṣánṣán. Aṣọ ń dá wàhálà sílẹ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Bùbá tí apá rẹ̀ fún kò ṣeé ká dé ibẹ̀, bàbá tó wọ agbádá lé dàńṣíkí á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ níkọ̀ọ̀kan, ìlà á sì dúró. Fún àwọn obìnrin tó wọ híjáàbù, ó yẹ kí nọ́ọ̀sì obìnrin wà, kí wọ́n sì ta aṣọ sí igun kan. Níbi tí kò sí èyí, wọn á yọjú, wọn á sì yí padà.

Ṣírínjì náà kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń rà ní kẹ́mísì. Ó ń ti ara rẹ̀ pa: ọ̀pá rẹ̀ kò ṣeé fà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Òṣìṣẹ́ tó ti mọ́ lára láti kọ́kọ́ fa atẹ́gùn sínú ṣírínjì kó tó kì í bọ ìgò ti ba ọ̀kan jẹ́ nìyẹn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń bàjẹ́ báyìí, ìgò á ṣẹ́kù, ṣírínjì á ti tán, ènìyàn á sì tún gbọ́ pé "kò sí abẹ́rẹ́ mọ́", òótọ́ ni, àmọ́ oògùn wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá ti gún un tán, wọn kì í dé ojú rẹ̀ padà. Inú páálí ààbò ni wọ́n ń jù ú sí. Páálí lítà 5 ń gba nǹkan bí 100, kó sì tó kún dé ẹnu ni wọ́n ń dì í.

Ìṣẹ́jú 15 ni ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ jókòó, 30 fún ẹni tí ara rẹ̀ ti kọ oògùn rí. Ọ̀pọ̀ rò pé wọ́n kàn ń dá àwọn dúró. Bí ara bá máa kọ abẹ́rẹ́ náà débi tó léwu, ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i ni, oògùn adrenaline tí wọ́n fi ń yanjú rẹ̀ sì wà nínú àpótí lórí tábìlì, kì í ṣe nínú ilé ẹni. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ ni apá dídùn, orí fífọ́, ara gbígbóná àti òtútù lálẹ́ ọjọ́ náà, tí Panadol àti oorun ń tán. Nọ́ọ̀sì tí kò sọ èyí ṣáájú ló ń ba ọjà jẹ́ fún ara rẹ̀: ọkùnrin tó gbọ̀n jìnnìjìnnì mọ́jú á délé sọ fún gbogbo àdúgbò pé wọ́n fẹ́ pa òun. Ní ti owó ẹyọ tí wọ́n ní ó ń lẹ̀ mọ́ apá níbi tí wọ́n gún, òógùn ara ló ń mú un. Ẹ nu ibẹ̀ gbẹ, ẹ tún un lẹ̀, á jábọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú jù lọ ni abẹ́rẹ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ló yẹ kó wà láàárín méjèèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kòrónà gbóná janjan ní Íńdíà, wọ́n dá abẹ́rẹ́ tó ń jáde dúró láti ìparí oṣù Kẹta. Nínú oṣù Kẹrin, Àbújá pàṣẹ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pé bí wọ́n bá ti lo ìdajì tiwọn, kí wọ́n tẹsẹ̀ dúró, kí ìdajì yòókù lè jẹ́ abẹ́rẹ́ kejì fún àwọn tó ti gba èkíní. Àwọn tó ń wo bó ṣe máa rí kí wọ́n tó wá wá dé lẹ́yìn àṣẹ yìí. Wọ́n rí ìgò nínú fíríìjì, wọ́n gbọ́ pé ó ti tán. Èyí ló bí ìtàn pé àwọn olóyè ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún. Kání wọ́n lẹ ìwé ńlá kan mọ́ ẹnu ọ̀nà pé "ti àwọn tó ti gba èkíní ló kù", ì bá ti tán ọ̀pọ̀ ariwo.

Nígbà tí ẹrù tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti oṣù Kẹjọ, ó dé ní oríṣiríṣi, ìṣirò sì yí padà. Amẹ́ríkà fi Moderna mílíọ̀nù 4 ránṣẹ́. Fírísà dígírì 20 lábẹ́ òdo ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ọjọ́ 30 péré ló kù fún un láti ìgbà tó bá wọ fíríìjì lásán, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde sára páálí; èyí tí wọn kò kọ, kò sẹ́ni tó lè fi ọkàn balẹ̀ gún un. Johnson & Johnson ni tiẹ̀ jẹ́ ti ẹni márùn-ún nínú ìgò kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni. Ó bá abúlé mu gan-an: kò sí ìpadàbọ̀, ẹni márùn-ún sì yá láti rí ju mẹ́wàá lọ. Pfizer ló ń fẹ́ ìṣọ́ra jù. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi omi iyọ̀ mílílítà 1.8 là á nínú ìgò, kí wọ́n tó máa fa 0.3 fún ẹni mẹ́fà. Ẹni tó bá gbàgbé láti là á ti gún ènìyàn ní àgúnjù.

Oko tún jẹ́ ìṣòro lọ́tọ̀. Àgbẹ̀ Oríire ti gba oko lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, òṣìṣẹ́ dé ní aago mẹ́sàn-án, ó ṣí ìgò ní mẹ́wàá, ìgò kú ní mẹ́rin, àgbẹ̀ dé ní márùn-ún. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kúlà lọ bá ènìyàn lọ́jọ́ ọjà, ní Ọjà Ọba àti Wásò, lẹ́yìn Jímọ̀ ní mọ́sáláṣí àti lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ni ẹni mẹ́wàá kò ṣòro kó jọ mọ́.

Káàdì ni àjókù ọ̀rọ̀. Inú fóònù tàbí táblẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kọ orúkọ sí, kó lè bọ́ sínú àkọsílẹ̀ ní Àbújá. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá dákú, wọ́n á kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà oníwèé, pé wọn yóò tẹ̀ ẹ́ wọlé lálẹ́. Alẹ́ dé, dáta tán, oorun ti ń kun òṣìṣẹ́, ìwé méjì lẹ̀ mọ́ra. Bí ènìyàn ṣe ní káàdì lọ́wọ́ tí wọn kò sì rí orúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn. Ìyàtọ̀ lẹ́tà kan láàárín orúkọ orí káàdì àti ti pásípọ́ọ̀tù náà ń dá ènìyàn dúró. Àwọn tó fẹ́ lọ Mẹ́kà lọ́dún 2022, nígbà tí Saudi kò gba ẹni tí kò gba abẹ́rẹ́, mọ̀ ọ́n lára. Nígbà náà, ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa fi ẹ̀rí abẹ́rẹ́ wọ ọ́fíìsì, tàbí èsì àyẹ̀wò tí kò tíì ju wákàtí 72 lọ. Àṣẹ yẹn mú ìlà gùn, ó sì mú káàdì ayédèrú wọ ọjà. Nínú oṣù náà kan náà, lọ́jọ́ 22, wọ́n fi katakata tẹ AstraZeneca 1,066,214 tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá fọ́ ní ààtàn Gósà, Àbújá, nítorí ọ̀pọ̀ lára ohun tí wọ́n fún wa ló dé nígbà tí ọjọ́ tó kù fún un kò pọ̀.

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á ka gbogbo rẹ̀: ìgò tí wọ́n gbé jáde, èyí tí wọ́n ṣí, iye ènìyàn tó gbà á, iye tó dànù. Ìgò tí wọ́n ti ṣí kò gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú. Èyí tí wọn kò ṣí, tí yìnyín inú kúlà rẹ̀ kò tíì yọ́ tán, á padà sí fíríìjì kánsù. Wọ́n á fi báírò sàmì sí i lára, wọ́n á gbé e sí iwájú, òun ni yóò sì kọ́kọ́ jáde ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.