Bí omi ṣe ń já dáàmù oko

Ní Òkè-Ògùn, púpọ̀ nínú odò kéékèèké ló máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ tó fẹ́ gbin tòmátì lásìkò náà fi ń sé odò. Dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ kì í sábà wó nítorí pé omi tì í ṣubú. Orí rẹ̀ lomi ń gbà kọjá, tàbí kó lu ihò gba inú rẹ̀.

Amọ̀ tí ẹ ó fi mọ dáàmù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ fi omi po díẹ̀, kí ẹ yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ títí yóò fi tín-ín-rín bíi pẹ́ńsùlù. Èyí tó ṣeé tẹ̀ láì já, amọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì kó o. Ẹ rọra ju èérún rẹ̀ kan tó ti gbẹ sínú ife omi òjò, ẹ má rò ó. Bí omi náà bá rú bí omi ògì láàárín wákàtí kan, ẹ wá amọ̀ ibòmíràn. Bó ti wù kí ẹ gún un mọ́lẹ̀ tó, omi á tú u.

Ẹ hó ilẹ̀ olóràá àti gbòǹgbò kúrò. Ẹ gbẹ́ yàrà láti bèbè kan dé èkejì títí ẹ ó fi kan amọ̀ líle, kí ẹ fi amọ̀ dí i padà, kí ẹ gún un mọ́lẹ̀. Ẹni tó kó yẹ̀pẹ̀ lé iyanrìn odò, abẹ́ lomi rẹ̀ ń gbà lọ. Ínṣì 6 ni kí ẹ máa tẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gún un mọ́lẹ̀ kí ẹ tó tẹ́ òmíràn.

Tí dáàmù náà bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10, kí orí rẹ̀ fẹ̀ tó 10. Ní ìhà omi, bó ṣe ń ga ní ẹsẹ̀ kan ni kó máa fẹ̀ ní 3. Ní ẹ̀yìn, 2 àbọ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ á wá fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 65. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dín in kù.

Ọ̀nà àkúnya, ìyẹn ibi tí omi tó bá pọ̀ jù yóò máa gbà jáde, gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dáàmù, lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú, kí ó fẹ̀, kí ilẹ̀ rẹ̀ sì fi ẹsẹ̀ bàtà 3 rẹlẹ̀ ju orí dáàmù lọ. Àwọn kan a máa fi àwọ̀n dí i nítorí ẹja. Ewé àti igi á kó sí àwọ̀n náà, òjò ńlá kan á sì gba orí dáàmù kọjá.

Ẹ má jẹ́ kí igi hù lórí rẹ̀, ẹ sì máa wá ihò ikán àti ti òkété. Bí omi bá ń sun lẹ́yìn rẹ̀, ẹ bu ú sínú ìgò funfun. Tó bá mọ́, ẹ máa ṣọ́ ọ. Tó bá rú, ara dáàmù ló ń bá omi lọ. Ẹ má fi amọ̀ dí ojú ibẹ̀, torí omi á wá ibòmíràn lù. Iyanrìn ni kí ẹ kó lé e, kí òkúta wẹ́wẹ́ wà lórí iyanrìn: omi á jáde, yẹ̀pẹ̀ á dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra máa fa omi dáàmù sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá fà lójijì, ìhà omi tó ti rin gbindin á ya lulẹ̀. Tí ihò náà bá ń fẹ̀ lójú yín, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ sáré kìlọ̀ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò.