Òǹtẹ̀ Ìdí Fàdákà: Lẹ́tà Tí Wọ́n Fi Ń Mú Onídùúró

Ẹni tó bá ń kó ohun ọ̀ṣọ́ ilé àtijọ́ jọ, ìdí ni ó kọ́kọ́ máa ń wò. Yóò dojú àwo dé, yóò yí ọ̀pá àbẹ́là sókè sódò, yóò máa wá àmì kiri. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tó ń bí èèyàn nínú ni bí ọ̀pọ̀ ṣe gbà pé iṣẹ́ kan náà ni gbogbo àmì ìdí ń ṣe: bí àmì bá ti wà, ojúlówó ni, àmì náà ni yóò sì sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Àmì abẹ́ tánganran àti òǹtẹ̀ abẹ́ fàdákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ọmọ ìyá rárá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ṣe nǹkan ni ti àkọ́kọ́. Ẹ̀rí ẹlòmíì, tí yóò san owó bí irọ́ bá wọ̀ ọ́, ni ti èkejì.

Ẹ wo tánganran ná. Ọwọ́ tó mọ ọ́n náà ló kọ àmì sí i, kò sí ẹni tó dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Ṣáínà, àwọn amọ̀kòkò ayé Ọba Kangxi, láti 1662 sí 1722, a máa kọ orúkọ ìjọba Chenghua, tó ti kọjá lọ láti 1487, sí ìdí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná. Jìbìtì kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ ayé Chenghua dára lójú wọn débi pé wọ́n fi orúkọ yẹn bọlá fún un. Ní Meissen, ní Jámánì, idà méjì tó dábùú ara wọn ni wọ́n ń fi aró yà sí ìdí tánganran, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní búrọ́ọ̀ṣì lè ya idà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló sì yà á. Gíláàsì àtijọ́ kì í tilẹ̀ sábà ní àmì kankan. Àmì tó wúlò jù fún mímọ ìgbà nínú ayé tánganran, òfin owó bodè ló mú un wá: Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí ọjà òkèèrè máa ru orúkọ ilẹ̀ tó ti wá láti 1891, ìdí nìyẹn tí àwo tí wọ́n kọ England sí nídìí kì í fi í sábà dàgbà ju ìgbà náà lọ.

Fàdákà yàtọ̀ nítorí pé irọ́ inú rẹ̀ kò hàn sójú. Fàdákà gidi rọ̀ jù, kò ṣeé fi ṣe síbí, nítorí náà alágbẹ̀dẹ máa ń fi bàbà díẹ̀ sí i kó lè le. Òṣùwọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni 925 nínú 1,000. Bí alágbẹ̀dẹ bá wá fi bàbà kún un títí tó fi di 850 ńkọ́? Funfun náà ni yóò máa dán, oníbàárà ò ní mọ̀, èrè á sì wọ àpò oníṣẹ́. Ọba Edward Kìíní ló fi òfin lélẹ̀ ní 1300 pé kí ohun èlò fàdákà kankan má kúrò lọ́wọ́ oníṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì lu orí ẹkùn sí i. Ní 1363, òfin mìíràn ní kí oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá dé orí 1478, ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà.

Òfin kan ti jáde ní ọdún tó ṣáájú pé bí fàdákà tí kò tó òṣùwọ̀n bá gba orí ẹkùn kọjá, ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ti London ni yóò san iye owó rẹ̀. Ìyẹn sọ gbogbo ẹgbẹ́ di onídùúró. Ẹni tó ti dúró fún onígbèsè rí mọ bó ṣe ń rí: ọjọ́ tí gbèsè bá dìde, ẹni tó jẹ ẹ́ lè ti ré kọjá odò, ọrùn onídùúró ni okùn ń bọ́ sí. Onídùúró tó bá lọ́gbọ́n á wá ẹnìkan tí òun náà á máa dì mú. Ohun tí ẹgbẹ́ ṣe nìyẹn. Wọ́n gba olùyẹ̀wò kan tí wọ́n ń sanwó fún, wọ́n ní kí àwọn oníṣẹ́ máa kó ẹrù wá bá a nínú gbọ̀ngàn wọn, Goldsmiths' Hall. Láti ara gbọ̀ngàn yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí hallmark tí wọ́n ń pe òǹtẹ̀ náà. Wọ́n wá fi lẹ́tà kan kún òǹtẹ̀: A fún ọdún kìíní, B fún èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́tà yẹn kò bá oníbàárà sọ ọjọ́ orí síbí. Ẹgbẹ́ ni ó ń bá sọ̀rọ̀, ohun tó sì ń sọ ni pé ní ọdún tí lágbájá jókòó sídìí òṣùwọ̀n ni síbí yìí kọjá. Bí ẹ̀sùn bá dé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wọn ò ní máa bi ara wọn pé ta ni. Ó ju 500 ọdún lọ báyìí, olùyẹ̀wò náà ti kú tipẹ́, àwọn tó ń kó fàdákà jọ sì ń fi lẹ́tà tí wọ́n fi sàmì sí i ka ọdún. Ọgbọ́n tó ga jù nínú ètò náà nìyí: àwọn tí kò fọkàn tán ara wọn ló ṣètò rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ṣeé fọkàn tán.

Ìyẹ̀wò gan-an láyé ìgbà náà kì í ṣe wíwò lójú. Olùyẹ̀wò á ha díẹ̀ lára iṣẹ́ náà, á wọ̀n ọ́n, á fi òjé wé e, á gbé e sínú ife kékeré tí wọ́n fi eérú egungun mọ, á tì í sínú ààrò. Òjé á yọ́, òun àti bàbà á jọ rì sínú ara ife bí òjò ṣe ń rì sínú iyanrìn. Fàdákà kì í bá wọn lọ. Ohun tí yóò ṣẹ́ kù kò ju ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan tí ń dán lọ. Wọ́n á tún un wọ̀n. Bí ìwọ̀n 1,000 bá wọlé, 925 ó kéré tán gbọ́dọ̀ jáde. Bí kò bá pé, wọ́n á fọ́ iṣẹ́ náà kó tó padà sọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá. Kìnnìún tó ń rìn, tí gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ fàdákà Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1544 ló tó dara pọ̀ mọ́ àwọn yòókù.

Kíka lẹ́tà náà ló ń da ọ̀pọ̀ rú. Lẹ́tà 20 ni London ń lò títí di 1974, láti A dé U, láìsí J. Bí wọ́n bá dé U, wọ́n á padà sí A, ṣùgbọ́n A tuntun á ti pààrọ̀ aṣọ: lẹ́tà ńlá á di kékeré, tàbí kí ìlà tó yí i ká yí padà. Ẹ jẹ́ ká wo a kékeré. Ó wà fún 1776, ó sì tún wà fún 1816. Kí ni èèyàn máa fi yà wọ́n? Orí ọba. Láti 1784 sí 1890 ni wọ́n ń lu orí ọba tàbí ọbabìnrin tó wà lórí oyè mọ́ ọn, láti fi hàn pé wọ́n ti san owó orí. Bí orí ọba bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ a, 1816 ni; bí kò bá sí, 1776 ni. A ńlá náà wà fún 1796 àti 1876, àmọ́ orí ọkùnrin tó kọjú sọ́tùn-ún ló wà lára ti ìṣáájú, orí Ọbabìnrin Victoria tó kọjú sósì ló wà lára ti ìkẹyìn. Oṣù karùn-ún ni wọ́n sì ń pààrọ̀ lẹ́tà nígbà náà, nítorí náà ọdún méjì ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Láti 1773 títí di 1974, Birmingham tó ń lo ìdákọ̀ró àti Sheffield tó ń lo adé nígbà náà ní lẹ́tà tiwọn, tí kò bá ti London mu. Ẹni tó bá ka lẹ́tà kó tó ka àmì ìlú ti ṣìnà.

Ibi tí owó orí bá sì wà, àwọn tó ń sá fún un á wà. Nígbà tí wọ́n gbé sísì kan lé áńsì kọ̀ọ̀kan ní 1720, àwọn oníṣẹ́ kan a máa gbé abọ́ kékeré lọ gba òǹtẹ̀, wọn á gé ibi òǹtẹ̀ náà kúrò, wọn á fi iná jó o mọ́ ìdí ìkòkò ńlá tí kò fojú kan gbọ̀ngàn rí. Èémí ẹnu lásán ló ń tú àṣírí wọn: bí èèyàn bá mí sí i, ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ á yọ bí ìlà yípo òǹtẹ̀. Láàárín sẹ́ńtúrì kejìdínlógún, ikú ni wọ́n fi ń jẹ ẹni tó bá ṣe ayédèrú òǹtẹ̀ níyà.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi iná mànàmáná pa fàdákà sára nǹkan, iṣẹ́ tí àwọn Elkington gba àṣẹ rẹ̀ ní 1840, náà a máa to lẹ́tà EPNS, ìkékúrú electroplated nickel silver, sínú àpótí kéékèèké mẹ́rin tó jọ òǹtẹ̀. S ìparí yẹn dúró fún orúkọ fàdákà, ṣùgbọ́n bàbà, níkẹ́ẹ̀lì àti síǹkì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Àléébù tó wà nínú ètò náà ni pé irin ló ń ṣọ́, kò ṣọ́ ìrísí. Ní ayé Victoria, ọ̀pọ̀ ife ọtí ńlá ti sẹ́ńtúrì tó ṣáájú ni wọ́n lẹ ẹnu ìdà (ẹnu tí ọtí ń gbà dà jáde) mọ́ tí wọ́n sì sọ di jọ́ọ̀gì, tí wọ́n tún gbẹ́ òdòdó sí lára. Òǹtẹ̀ ìdí rẹ̀ kò purọ́, àmọ́ ẹnu ìdà yẹn kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n lù ú. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé èyíkéyìí tí wọ́n bá fi kún un gbọ́dọ̀ gba òǹtẹ̀ tirẹ̀, nítorí náà ẹnu ìdà tí kò ní àmì lára jọ́ọ̀gì tó ní àmì nídìí tó láti mú kí olùrà gbé e kalẹ̀. Ọmọrí ìkòkò tíì náà gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀, kó sì bá ti ìdí mu.

Láti 1999, lẹ́tà ọdún kì í ṣe dandan mọ́ lórí fàdákà Gẹ̀ẹ́sì. Àmì oníṣẹ́, iye òṣùwọ̀n àti àmì ilé ìyẹ̀wò nìkan ni òfin béèrè. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ṣì ń ní kí wọ́n lu lẹ́tà náà fún wọn síbẹ̀.