Kí Ló Dé Tí Ẹni Tó Mọ Gbogbo Kata Tún Ń Fìdí Rẹmi Nínú Ìdánwò Bẹ́líìtì Dúdú?

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, lẹ́yìn tí a bá ti parí ẹ̀kọ́ kàrátè wa ní Sùúrùlérè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti dé bẹ́líìtì búráùn, èyí tó ṣáájú dúdú, sábà máa ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, àwọn òbí mìíràn náà a sì dúró pẹ̀lú wọn. Ìdánwò bẹ́líìtì dúdú ló máa ń wà lọ́kàn wọn. Díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń bi mí nìyí, àti bí mo ṣe ń dá wọn lóhùn.

Ìbéèrè: Ṣé ẹni tó bá gba bẹ́líìtì dúdú ti di ọ̀gá nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Orúkọ tí àwọn ará Jàpáàn fún ipò náà ti dáhùn ìbéèrè yìí: shodan ni wọ́n ń pè é, ìpele ìbẹ̀rẹ̀ ni ó sì túmọ̀ sí. Jigoro Kano, ẹni tó dá ilé ẹ̀kọ́ júdò tí à ń pè ní Kodokan sílẹ̀ ní Tokyo ní ọdún 1882, ni ó kọ́kọ́ fi ìpele tí à ń pè ní dan wọn ìmọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìjà. Nígbà tí Gichin Funakoshi gbé kàrátè kúrò ní Okinawa wá sí Tokyo ní ọdún 1922, ètò Kano yìí ni ó mú lò, tí ó sì fi bẹ́líìtì dúdú lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ní ọdún 1924. Ẹ wo ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tó ń ṣe fírídọ́ọ̀mù ní Múṣín. Lọ́jọ́ náà, ìyá rẹ̀ a jó, ọ̀gá rẹ̀ a gbàdúrà lé e lórí, wọn a ya fọ́tò, ṣùgbọ́n aṣọ oníbàárà àkọ́kọ́ tí yóò dá gé láìsí ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì ń dúró dè é. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni bẹ́líìtì dúdú rí.

Àwọn kan a máa sọ pé láyé àtijọ́, bẹ́líìtì funfun tí ẹnikẹ́ni kì í fọ̀ ni ìdọ̀tí ń pọ̀ lára rẹ̀ títí tí ó fi di dúdú. Ìtàn náà dùn létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́.

Ìbéèrè: Mo ti mọ gbogbo kata mi lórí. Kí ló dé tí àwọn tó mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ tún ń fìdí rẹmi?

Ìdáhùn: Kata ni ètò ìgbésẹ̀ ìjà tí èèyàn ń dá ṣe láìsí alátakò níwájú rẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lo gbogbo oṣù tó kẹ́yìn fún. Ṣùgbọ́n nínú Shotokan, tí í ṣe ẹ̀yà kàrátè tí èmi ń ṣe, apá mẹ́ta ni ìdánwò náà ní: kihon, ìyẹn ẹ̀ṣẹ́, ìdènà àti ìpá tí a ti ń kọ́ láti ìgbà bẹ́líìtì funfun, kata, àti kumite, ìyẹn ìjà pẹ̀lú ẹnìkejì. Kihon ló ń ṣíwájú, òun sì ni àwọn ènìyàn máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi nìyẹn. Mo ti ṣe kata Bassai Dai títí mo fi lè ṣe é nínú òkùnkùn láìkọsẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀ nígbà tí mo wọ gbọ̀ngàn. Àwọn tó ń dán wa wò ní kí n máa ju ẹ̀ṣẹ́ lọ, kí n máa jù ú bọ̀, pẹ̀lú ìdúró tí à ń pè ní zenkutsu-dachi, níbi tí orúnkún iwájú ti gbọ́dọ̀ tẹ̀, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ nà, tí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì sì gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ìgbà tí a ó fi lọ tí a ó fi bọ̀ lẹ́ẹ̀karùn-ún, òógùn ti bo ojú mi. Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀yìn mi, ó sì ti bébà kan bọ abẹ́ gìgísẹ̀ mi. Bébà náà kọjá láìkan ẹsẹ̀ mi rárá. Kò sọ̀rọ̀ kankan. Ó kàn fi bébà náà hàn mí, ó sì padà lọ jókòó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ni wọ́n tó ní kí n padà wá.

Inú bí mi gan-an nígbà náà, ṣùgbọ́n òótọ́ ni ohun tí ó rí. Ilẹ̀ ni agbára ẹ̀ṣẹ́ ti ń wá. Bí gìgísẹ̀ bá ti gbéra, apá nìkan ló kù tí ó ń jà. Nígbà tí ara bá sì ti rẹ èèyàn, ohun tó ti mọ́ ọn lára jù lọ ni yóò jáde, ì báà jẹ́ rere, ì báà jẹ́ burúkú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ó rẹ̀ wá kí wọ́n tó máa wò wá dáadáa.

Ìbéèrè: Oṣù mẹ́ta ló kù fún mi, Mẹ́rínà ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Báwo ni kí n ṣe múra?

Ìdáhùn: Ẹni tó bá ń ti Erékùṣù Èkó bọ̀ wá sí Sùúrùlérè nírọ̀lẹ́, tí gòsílóò sì dá a dúró lórí afárá, kò ní agbára wákàtí méjì mọ́ nígbà tó bá délé. N kò ní tàn yín. Ẹ lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ìdájí kí ẹ tó jáde, láìwọ bàtà, kihon nìkan, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fi fóònù ya fídíò ẹsẹ̀ yín láti ẹ̀yìn, torí pé ojú ara ẹni kì í rí gìgísẹ̀ ara ẹni. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ wá ṣe ìdánwò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ yín nínú ooru ọ̀sán, kihon kí kata tó dé, láìtan fáànù. Iná lè lọ lọ́jọ́ ìdánwò gan-an, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ara yín yóò mọ irú ooru bẹ́ẹ̀. Ẹ máa mu omi dáadáa. Bí orúnkún bá ń dùn yín, ẹ sọ fún olùkọ́ yín kíákíá.

Ìbéèrè: Bí ẹni tí wọ́n bá fi kò mí lójú nínú kumite bá lágbára jù mí lọ ńkọ́?

Ìdáhùn: Kò sí ẹni tó ń ka ẹni tó borí. Wọ́n ń wò bóyá ẹ mọ àlàfo tó yẹ kó wà láàárín yín, àti bóyá ẹ lè dá ẹ̀ṣẹ́ yín dúró kí ó tó pa ẹnìkejì lára. Ẹni tó fọ́ ẹnu alájọṣe rẹ̀ ti fi hàn wọ́n pé òun kò ní ìkóra-ẹni-níjàánu.

Ìbéèrè: Taekwondo ni ọmọ mi ọlọ́dún 11 ń ṣe. Wọ́n ní poom ni yóò gbà, kì í ṣe bẹ́líìtì dúdú. Ṣé wọn kò rẹ́ wa jẹ?

Ìdáhùn: Wọn kò rẹ́ yín jẹ. Eré tí Chika Chukwumerije fi gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ fún Nàìjíríà ní Beijing ní ọdún 2008 ni taekwondo, Kòríà ni ó sì ti wá. Òfin Kukkiwon, tí í ṣe ilé-iṣẹ́ àgbà rẹ̀ ní Seoul, ni pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 yóò gba poom, ìyẹn ìpele bẹ́líìtì dúdú ti àwọn ọmọdé, pẹ̀lú bẹ́líìtì tí apá kan rẹ̀ pupa, tí apá kejì sì dúdú. Bó bá ti dàgbà tó, a lè yí i padà sí dan, ìyẹn ti àgbà.

Ìbéèrè: Bí mo bá gbàgbé láàárín kata ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má wo ilẹ̀, ẹ má sì bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ dúró nínú ìdúró tí ẹ wà, ẹ mí, kí ẹ máa bá a lọ láti ibi tí ẹ bá rántí. Èyí náà ṣe é kọ́ ṣáájú ọjọ́ náà: ẹ ní kí ẹnìkan nínú ilé, kódà kó jẹ́ àbúrò yín kékeré, máa pariwo “Dúró!” níbikíbi tó bá wù ú láàárín kata yín, kí ẹ ka ẹ̀ẹ́wàá sínú, kí ẹ sì máa lọ láti ibẹ̀, láìpadà sí ìbẹ̀rẹ̀.